Kí Ẹrẹ̀ Tó Gba Àyè Omi Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Ìjàgbo

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a fọ́n ká, tí kò sì jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí. A kò ní tún un kà. Ohun tí ìgbìmọ̀ gbé lé alukoro lọ́wọ́ lónìí ni ọ̀rọ̀ omi, nítorí pé owó tó bá ṣẹ́ kù nínú ayẹyẹ yìí ni a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ omi fún ìlú, ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni yóò sì pinnu irú iṣẹ́ tí yóò jẹ́. Àwọn kan nínú wa ní kí a gbẹ́ bọ́hòlù mìíràn. Àwọn kan ní kí a fi owó náà tọ́jú odò. Àwọn kẹta ní iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo rẹ̀. Kí a tó nawọ́ ìbò, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́: dáàmù kì í kú ikú ọ̀dá nìkan. Iyẹ̀pẹ̀ náà a máa pa á, abẹ́ omi ló sì ti ń ṣe é, níbi tí ojú kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún ṣì mọ àmù dáadáa. Omi odò tí a bá pọn nígbà òjò, tí a rọ sínú àmù, a máa pọ́n bíi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti tòrò, òkè rẹ̀ ti mọ́. Ibo ni ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ? Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá fọ àmù fún ìgbà pípẹ́, èyí tó ń gba garawa márùn-ún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba mẹ́rin. Àmù kò kéré sí i, omi ṣì kún dé ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ ti dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dáàmù rí. Odò tó ń sáré a máa gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ; bí a bá dí i, eré rẹ̀ tán, ẹrù tó gbé a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìyá ilé lè dojú àmù délẹ̀ kó fọ̀ ọ́. Ta ni yóò dojú dáàmù délẹ̀?

Dáàmù tó sún mọ́ wa jù ni èyí tí wọ́n fi dí odò Ọ̀yun ní Ọ̀fà, kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. Odò yìí ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ wa lórúkọ. Òun náà ni Yunifásítì Ìlọrin dí fún omi tiwọn. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì náà ti yẹ dáàmù Ọ̀fà wò. Wọ́n ní ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 8, ṣùgbọ́n bí a bá pín jíjìn gbogbo ojú omi náà dọ́gba, mítà 2.6 ni. Wọ́n tún rí i pé ajílẹ̀ láti oko àti ìgbẹ́ màlúù ń bá àgbàrá wọ inú rẹ̀. Ẹ gbójú sókè wo àjà yàrá yín tí ẹ bá délé: mítà 2.6 kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ. Nínú omi tó jìn tó báyìí, bí ẹrẹ̀ tó mu èèyàn dé orúnkún bá tẹ́ káàkiri, ó ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àyè omi. Ọ̀nà tí ajílẹ̀ sì gbà wọlé, iyẹ̀pẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Odò Ọya. Ìrá, ìlú Ọya, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa, nítorí náà a kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ odò náà. Dáàmù Kainji, tí wọ́n parí ní ọdún 1968, lè gba omi tó tó bílíọ̀nù 15 kúbíìkì mítà. Kúbíìkì mítà kan jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ńlá márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Odò Ọya ń kún dé ibẹ̀. Ìkún àkọ́kọ́, tó ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, ni wọ́n ń pè ní omi funfun: òjò tó rọ̀ sí ilẹ̀ tó sún mọ́ tòsí ló ń mú un wá, ó sì kún fún ẹrẹ̀. Ìkún kejì, tó ń dé nígbà ọyẹ́, ni omi dúdú. Òkè Gínì ni èyí ti ń bọ̀. Ó gba Málì kọjá, níbi tí odò ti tẹ́ sínú àbàtà ńlá kó tó dé Timbuktu. Ibẹ̀ ló ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé mímọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Odò kan náà, ìkún méjì, ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: pípọ̀ omi nìkan kọ́ ló ń sọ iye ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀, ilẹ̀ tó gbà kọjá àti ibi tó ti sinmi lọ́nà ló ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ olókè ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Níbẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi ń já ṣòòrò, òkúta àti yanrìn ń bá a yí bọ̀. Àfonífojì sì há, kò ní ìbú tí yóò fi gba ẹrù púpọ̀. Ẹ wo àwọn ará Sùdáànì. Wọ́n parí dáàmù Khashm el-Girba lórí odò Atbara ní 1964, wọ́n sì parí ti Roseires lórí Náílì Aláwọ̀ Aró ní 1966. Orí òkè Ethiópíà ni omi méjèèjì ti ń wá. Láàárín ọdún díẹ̀ péré ni ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tó yá, bí ìdajì àyè rẹ̀ ti lọ. Roseires pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ní ogójì ọdún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àgbẹ̀ tó fi omi dáàmù gbin òwú àti ọkà.

Ohun tí wọ́n ṣe ló yẹ kí a kọ́. Ní Roseires, nígbà tí odò bá kún jù, tí omi rẹ̀ pọ́n jù, wọn kì í dá a dúró. Wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn dáàmù sílẹ̀ kí omi ẹlẹ́rẹ̀ kọjá lọ. Ìgbà tí ìkún bá ń rọlẹ̀, tí omi ń mọ́ bọ̀, ni wọ́n á tó tì í kí adágún kún. Ní Khashm el-Girba, wọ́n á jẹ́ kí omi fà nígbà ìkún, kí odò fúnra rẹ̀ fi agbára gbá ẹrẹ̀ àtijọ́ jáde. Ní Switzerland, dáàmù Gebidem, tó ń gba omi yìnyín Aletsch lórí òkè Alps, ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún: wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀, omi á gbẹ, odò á fọ ilé ara rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn wọ̀nyí wá ọ̀nà àtidojú àmù délẹ̀. Ṣùgbọ́n dáàmù tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òjò ọdún kan lè tún kún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlú á fọ àmù tán, á sì kú fún òùngbẹ.

Àwọn ará Ṣáínà fi ẹ̀dùn kọ́ tiwọn. Wọ́n parí dáàmù Sanmenxia lórí Odò Yẹ́lò ní 1960. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ gbà pé igi àti koríko tí wọn yóò gbìn ní òkè odò yóò dín ẹrẹ̀ kù kíákíá. Huang Wanli, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa omi, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹrẹ̀ yóò borí wọn. Ọdún mélòó kan péré ni wọ́n rí i pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní láti tún dáàmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ náà ṣe, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n sì ṣí èyí tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè rọ́nà jáde. Ní Íjíbítì, ìṣirò ṣáájú ìkọ́lé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù gíga ti Aswan, tí wọ́n parí ní 1970, wọ́n ya àyè tó lé ní bílíọ̀nù 30 kúbíìkì mítà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ fún ẹrẹ̀ nìkan, kó lè máa kó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó láti òkèèrè? Iṣẹ́ wa ní báńkì mú kí èyí wù wá púpọ̀, nítorí pé ìṣirò àkáǹtì ni. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wá. Èkínní, omi mélòó ló ń wọlé lọ́dún. Èkejì, ẹrẹ̀ mélòó ló wà nínú omi náà: wọ́n á bu omi odò sínú ìgò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á sá ẹrẹ̀ rẹ̀ gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta, mélòó nínú ẹrẹ̀ yẹn ni dáàmù ń mú, mélòó ló ń bá omi jáde. Ní 1953, Gunnar Brune, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi àyè dáàmù wé omi tó ń wọ̀ ọ́ lọ́dún, a lè fojú díwọ̀n èyí: bí omi bá ṣe ń pẹ́ nínú dáàmù tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ ṣe ń ráyè sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹ̀kẹrin, bí ẹrẹ̀ náà ṣe ń kì pọ̀ nísàlẹ̀ bó bá ti pẹ́.

A ó fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe òǹkà dáàmù wa. Ká ní dáàmù kan gba mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà omi. Ká ní odò ń gbé 25,000 kúbíìkì mítà ẹrẹ̀ wá lọ́dún, dáàmù sì ń mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn 20,000. Ẹni tó bá pín in yóò rí ọdún 150, yóò ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọmọ wa nìyẹn.” Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí dáàmù bá kún pátápátá kí omi tó wọ́n. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti lọ, omi tó kù lè má gbé ìlú la ẹ̀ẹ̀rùn já mọ́. Ọdún 50 nìyẹn. Bí a bá wá gé igbó etí odò, tí a ro oko dé bèbè omi, tí ẹrẹ̀ sì di ìlọ́po méjì, ọdún 25 ló kù. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí dáàmù náà kò ní tíì tó wa lọ́jọ́ orí kí omi tó wọ́n.

Kọ̀ǹpútà ń ṣe ìṣirò yìí ní kíkún. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní HEC-RAS, tí àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń gé odò sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu, á wá bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pé: báwo ni omi ṣe ń sáré tó níhìn-ín? Èwo ni yóò jábọ́, èwo ni yóò tún gbé? Òun ló fi ń hàn pé yanrìn tó wúwo ń kó jọ ní orí adágún, níbi tí odò ti wọlé, àti pé ẹrẹ̀ tó kúnná ń lọ dé ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí ẹnu páìpù wà. Ó tún lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn ní oṣù keje tàbí oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọn odò, àlá ni yóò máa lá. Bí báńkì bá fẹ́ yá èèyàn lówó, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde là ń béèrè. Dáàmù tí kò ní àkọsílẹ̀ dà bí oníṣòwò tí kò ní ìwé.

Yíyọ ẹrẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà márùn-ún ló wà. Kí a má jẹ́ kó kúrò ní oko. Kí a jẹ́ kó bá ìkún kọjá. Kí a fi omi fọ̀ ọ́ jáde. Kí a fi ẹ̀rọ wà á. Kí a gbé ògiri dáàmù sókè, bí wọ́n ṣe gbé ti Roseires sókè ní mítà 10, tí wọ́n parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí típà kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 5, ẹrẹ̀ ọdún kan péré yóò gba típà 4,000. Típà mọ́kànlá nìyẹn lójoojúmọ́, láìsinmi Jímọ́ọ̀, láìsinmi Àìkú; bó bá sì parí, ti ọdún kejì ti ń dúró. Ta ni yóò ra epo rẹ̀? Ibo ni a ó dà á sí? Èyí ló mú kí Báǹkì Àgbáyé gbé ètò ìṣirò kan jáde ní 2003 tí wọ́n ń pè ní RESCON, tó ń fi owó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wé èrè rẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ó béèrè ìbéèrè tí a kì í fẹ́ béèrè: bí dáàmù yìí bá kú, ta ni yóò san owó òmíràn? Ilẹ̀ tó dára fún dáàmù kò pọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí tirẹ̀ kún, ó ti jẹ owó orí.

Kò sì yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ayé. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 lórí dáàmù ńlá 47,403 ní orílẹ̀-èdè 150. Wọ́n fojú díwọ̀n pé nígbà tí yóò bá fi di 2050, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àyè omi tí wọ́n kọ́kọ́ ní ni ẹrẹ̀ yóò ti gbà. Bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ tó jẹ́ ìṣòro fún wa lókè jẹ́ oúnjẹ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Akosombo ní Gánà ní 1965, yanrìn tí odò Volta ń gbé wá sí etí òkun ti dín. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí òkun máa jẹ ilẹ̀ ní Keta àti ní etíkun Tógò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó jẹ́ kí ẹrẹ̀ bá odò kọjá lásìkò rẹ̀ fi sàn ju èyí tó kàn ń kó o dànù lọ.

Ó kù bí a ó ṣe nawọ́ ìbò. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a gbẹ́ bọ́hòlù, òùngbẹ òní lẹ ń rò, ẹ kò jayò pa; ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí igbó bò, tí òjò ń rọra wọ̀, ni yóò máa fún bọ́hòlù náà lómi. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ìjọba ni, òótọ́ ni pé àwa kọ́ la ó ṣí ìlẹ̀kùn dáàmù, àwa kọ́ la ó sì ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà márùn-ún tí a kà, èyí àkọ́kọ́, pé kí ẹrẹ̀ má kúrò ní oko, kò gba àṣẹ ìjọba. Ọwọ́ onílé àti àgbẹ̀ ló wà, òun ló sì wọ́n kéré jù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la gbé síwájú ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí a fi apá kan owó yìí gbin igi, ọparun àti koríko tó ń di ilẹ̀ mú sí etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn ní àyíká wa, kí a sì bá àwọn àgbẹ̀ wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ wálẹ̀ tààrà fún àgbàrá. Èkejì, kí a fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní ìgò, ìwọ̀n àti ìwé, kí àwọn ọmọ máa bu omi odò lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n máa wọn ẹrẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ìlú yìí yóò ní ìwé tí onímọ̀ yóò fi ọ̀wọ̀ gbà. Ẹ̀kẹta, kí a kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ Kwara àti àjọ Lower Niger tó wà ní Ìlọrin, kí wíwọn ìsàlẹ̀ dáàmù Ọ̀yun wà nínú ìsúná wọn ní àkókò tó ní ọjọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tí wọ́n bá rí.

A mọ̀ pé kò sí ọba tí yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù fún igi ọparun, kò sì sí ẹni tí yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sára ẹrẹ̀ tí kò wọ inú omi. Iṣẹ́ tí ojú kò rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ náà, iṣẹ́ tí ojú kò rí ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é tọ̀sán tòru. Ẹni tí yóò bá a dọ́gba gbọ́dọ̀ ní sùúrù tirẹ̀.

Ẹrẹ̀ kò ní gba àyè omi wa, ìjà kò ní gba àyè ìfẹ́ wa. Ọdún mẹ́wàá òní yóò di ogún, yóò di àádọ́ta, àwọn ọmọ wa yóò sì rí omi mu nínú odò tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Àṣẹ.